Ọkùnrin Tó Kọ́ Wọn Láti Dákẹ́

Ọdún tí wọ́n lu ọkọ mi lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Thamesmead, nílùú òyìnbó, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Fúláàtì káńsù, ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń yá èèyàn gbé, la wà nígbà náà, ní àjà kẹta, nínú àwọn ilé kọnkéré tí òjò ti sọ di aláwọ̀ eérú. Tí èèyàn bá dúró lójú fèrèsé pálọ̀ wa, adágún omi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ló máa rí, lẹ́yìn adágún, koríko àbàtà, lẹ́yìn koríko, odò Thames. Atẹ́gùn kì í sinmi níbẹ̀. Orí afárá la máa ń gbà láti ilé kan dé òmíràn, torí ilẹ̀ ibẹ̀ kò ṣe é fọkàn tán, wọ́n ní omi lè gbà á padà nígbàkigbà. Abẹ́ àwọn afárá yẹn ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Àwa dúdú kò tíì pọ̀ níbẹ̀. A mọ ọ̀nà tí a kì í gbà, a mọ ibùdókọ̀ tí a kì í dá dúró sí.

Ọkọ mi ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó ní pólì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti máa ń lọ fọ ọ́fíìsì, láti ibẹ̀ ni yóò ti kọjá sí kíláàsì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan dá a lọ́nà lórí afárá. Wọ́n lù ú, wọ́n tutọ́ sí i lójú, wọ́n da àwọn ìwé rẹ̀ sínú adágún. Egungun ìhà rẹ̀ kan dá. Ìhà yẹn jinná, ṣùgbọ́n oorun lọ, kò padà. Tí mo bá ta jí, màá bá a ní ìjókòó létí bẹ́ẹ̀dì, á máa wo ilẹ̀kùn. Tí ẹnikẹ́ni bá ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, á dìde dúró. Ó di pé kò lè kàwé mọ́. Ó di pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bá ń da tíì.

Ìjọ Aládùúrà la wà. Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Woolwich la máa ń háyà lọ́jọ́ ìsinmi. Wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n fún un lómi àdúrà, wọ́n tan àbẹ́là yí i ká. Mummy kan wà nínú ìjọ wa tó máa ń ríran, obìnrin tí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ti tẹ̀ lẹ́yìn. Ó gbé ọwọ́ lé ọkọ mi lórí, ó sì mú un kúrò wàrà, bí ẹni fọwọ́ kan páànù gbígbóná. Lẹ́yìn ìsìn, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, máa ṣọ́ ọkọ rẹ. Mo rí yàrá kan. Èèyàn kún inú rẹ̀, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹyọ ẹnì kan kò sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí á ṣe, Mummy?"

"Mi ò tíì rí ìyẹn," ló wí, ó sì yára lọ wá bọ́ọ̀sì rẹ̀.

Obìnrin òyìnbó kan ń gbé ní ilẹ̀kùn tó kọjú sí tiwa. Opó ni, ó ti ṣiṣẹ́ ní kíṣìnnì ilé ìwé títí tó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló máa ń bá wa tọ́jú ọmọbìnrin wa nígbà tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, torí iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe ní ọsibítù, wọ́n lè pè mí láàárọ̀, wọ́n lè pè mí lọ́sàn-án. Ọmọ wa ń pè é ní Auntie, àwa náà wá ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọlọ́yàyà ni. Ó fẹ́ràn ọbẹ̀ ata mi débi pé omijé á máa dà lójú rẹ̀, kò sì ní gbé ṣíbí sílẹ̀. Àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra láti ìgbà ọmọdé rẹ̀. Inú fíríìjì ló ń tọ́jú oògùn sí, ó sì máa ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ níkùn lójú mi, láì dá ọ̀rọ̀ tó ń sọ dúró.

Òun ló kọ́kọ́ sọ fún ọkọ mi pé, "Mo mọ ẹnì kan tó máa jẹ́ kí o sùn."

Mo bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan. Ilé náà wà ní Plumstead, ní òpópónà kan tó gun òkè kúrò lẹ́yìn títì ńlá, ilé bíríkì kékeré tó lẹ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti kó gbogbo àga kúrò nínú yàrá iwájú, ó wá ku kápẹ́ẹ̀tì àti àpótí kúkúrú kan. Àwọn èèyàn jókòó sílẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà: nọ́ọ̀sì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, tíṣà, àwọn ọmọbìnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ní Powis Street. Ẹni tó wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn bí àwọn olùkọ́ àṣàrò Íńdíà, tí irùngbọ̀n rẹ̀ kan àyà, ni mo ti ń retí. Ẹni tó wọlé jẹ́ arúgbó òyìnbó kan tó gbẹ, tó wọ súẹ́tà tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti lu, kò sì wọ bàtà, kò wọ ìbọ̀sẹ̀, nínú òtútù tó ń mú àwa tí a wọ kóòtù. Bàbá ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Íńdíà ni. Ó ṣe mí bákan, torí ohun tí mo ń pe bàbá tó bí mi náà nìyẹn.

Ó jókòó. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì ṣẹ́jú. Gbogbo ilé dákẹ́ títí mo fi ń gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù ní etí ara mi. Nígbà tó pẹ́ gan-an ló la ẹnu, ohùn ará Woolwich ló sì jáde, irú ohùn àwọn tó ń ta ápù lọ́jà ìta gbangba.

"Ẹ̀rù ń bà ọ́," ló wí fún ọkọ mi. "Wá ẹni tí ẹ̀rù ń bà náà. Wá a dáadáa. Tí o bá rí i, mú un wá fún mi."

Ọkọ mi bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sùn fọnfọn, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti lù ú. Mo jókòó tì í, mò ń gbọ́ bó ṣe ń hanrun, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Auntie ló sọ ìtàn ọkùnrin náà fún mi, nínú kíṣìnnì mi, bí mo ṣe ń bó ẹ̀wà. Ẹ̀yìn ògiri ilé iṣẹ́ ìbọn ìjọba ní Woolwich ni wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni òun náà wọ̀ nígbà tó jáde ilé ìwé, ó ń ki ẹ̀tù sínú ọta. Bọ́ǹbù ti pa ìyá rẹ̀ nígbà ogun. Ó ní lọ́jọ́ kan, òun ń wo ọta tó wà lọ́wọ́ òun, òun wá rí i pé ìyá ẹlòmíràn ni nǹkan náà ń lọ bá. Ó gbé e kalẹ̀, ó jáde, kò padà síbẹ̀ mọ́. Ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìdáná, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Íńdíà. Ó rìn kiri níbẹ̀ títí tó fi dé ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan tó ń gbé nínú ihò àpáta létí odò, tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀. Ó sìn ín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń pọnmi fún un, ó ń gbálẹ̀, ó ń jókòó tì í. Ìgbà tí arúgbó náà kú ló padà sílé. Ó ń ṣiṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, tó bá sì ṣíwọ́, á jókòó jẹ́ẹ́ nínú yàrá iwájú. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó tì í, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Auntie ní kò pè wọ́n.

Ìtàn kan wà tí ọkùnrin náà máa ń sọ léraléra, Auntie sì sọ ọ́ fún mi bíi pé òun náà wà níbẹ̀. Egbò kan yọ sí ẹsẹ̀ bàbá arúgbó létí odò. Egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Wọ́n mú dókítà wá láti ìlú, arúgbó náà sì rẹ́rìn-ín, ó ti àwo oògùn sẹ́yìn, ó ní, "Ẹsẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ta lẹ fẹ́ tọ́jú?" Ó ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé ẹ gbà á gbọ́, Auntie?" mo bi í.

"Ojú Bàbá ló ṣe," ló dáhùn.

Mo da omi ẹ̀wà nù. Ìtàn yẹn kò bá mi lára mu, ṣùgbọ́n ọkọ mi ń sùn.

Ó ń sùn, ó ń jẹun, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Nígbà tó yá, kò bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Nígbà tó tún yá, ó fi pólì sílẹ̀ láì sọ fún mi. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ wá béèrè rẹ̀ ni mo tó gbọ́. Tí mo bá bínú, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Tí mo bá bi í ní ọ̀rọ̀, á wò mí bí ẹni ń wo adágún láti ojú fèrèsé. Ẹni tí wọ́n lù lórí afárá kò bẹ̀rù mọ́, lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo wá ń wá ẹni tí mo fẹ́ nínú ilé, mi ò rí i.

Lára aṣọ Auntie ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ń ṣe òun náà. Aṣọ ń tóbi jù ú lọ. Lẹ́yìn náà, omi. Kọ́ọ̀pù omi kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òùngbẹ kò sì tán. Lọ́jọ́ kan tí mo wá mú ọmọ mi lọ́dọ̀ rẹ̀, ó dì mọ́ mi, mo gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀, bí èso tó ti pọ̀n jù tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Mo mọ òórùn yẹn láti wọ́ọ̀dù. Àwọn alátọ̀gbẹ tí kò gba abẹ́rẹ́ ló máa ń ní in.

"Auntie, abẹ́rẹ́ yín ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

Mo ṣí fíríìjì rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, gbogbo rẹ̀ nínú páálí, ẹnikẹ́ni kò tú u.

"Ṣé Bàbá ló ní kí ẹ má gún un mọ́ ni?"

"Rárá o. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo bi í léèrè, ó wá bi mí padà pé ta ló ń gún, ta ni wọ́n ń gún? Mo ti ń wá ìdáhùn láti ìgbà náà." Ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbẹ bí ìwé. "Má bẹ̀rù. Èmi ò bẹ̀rù."

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú kíṣìnnì yẹn. Kò mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ó rò pé nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ mi ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wá a nílẹ̀.

Mo pe dókítà rẹ̀. Dókítà wá lóòótọ́. Auntie dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ara òun le, orí òun pé, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ṣeun tó gun àtẹ̀gùn. Mo bẹ ọkọ mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ó máa gbọ́ tiyín."

"Wò ó dáadáa, Mummy," ló wí. Bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí látìgbà tí a ti bímọ. "Kò bẹ̀rù mọ́. Ṣé o ti rí ẹni tí kò bẹ̀rù rí?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ àárọ̀ dé, kò sí ẹnikẹ́ni nílé wa. Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi lódìkejì. Mo kan ilẹ̀kùn Auntie, ọkọ mi ló ṣí i. Ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè wọlé, bí ẹni ń gbàlejò. Àwọn ará Plumstead jókòó sílẹ̀ yí bẹ́ẹ̀dì Auntie ká, wọ́n ká ẹsẹ̀ wọn. Ọmọ mi wà láàárín wọn, ó ń bá bèbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Auntie sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ṣí díẹ̀, kò rí nǹkan kan, ó ń mí gúlegúle bí ẹni tó ń sáré lójú oorun. Gbogbo wọn ń wò ó. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ta ló ti pe áńbúláǹsì?"

Kò sí ẹni tó dáhùn.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ mi ni?"

Obìnrin kan lára wọn yíjú sí mi. Mo mọ̀ ọ́n, nọ́ọ̀sì ni, ọsibítù kan náà la ti ń ṣiṣẹ́. Ó fi ìka lé ètè, bí ìgbà tí èèyàn kò fẹ́ kí wọ́n jí ọmọ tó ń sùn.

Mo gbé ọmọ mi, mo sáré lọ sídìí fóònù wa. Lífítì ti bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì fi gbé e sọ̀ kalẹ̀ gba orí àtẹ̀gùn, atẹ́gùn sì ń fẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò ó. Ó kú lójú ọ̀nà, kí wọ́n tó dé ọsibítù.

Àwọn ọlọ́pàá wá, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ gbogbo wa. Wọ́n ní àgbàlagbà ni, ó mọ ohun tó ń ṣe, kò sí ẹni tó dí i lọ́wọ́. Wọ́n sì lọ. Ọkọ mi ní Auntie kò kú, ó kàn bọ́ aṣọ sílẹ̀ ni. Níbi ìsìnkú rẹ̀, bàbá náà dúró lẹ́yìn gbogbo èrò, ó wọ bàtà lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ wa ní ásímà. Tí òtútù bá mú un, àyà rẹ̀ á fún, á máa súfèé nínú. Dókítà fún un ní pọ́ǹpù búlúù kan tó ń fín sẹ́nu. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú Auntie, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo ti ń gbọ́ súfèé náà láti orí àtẹ̀gùn. Mo bá òun àti bàbá rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n jókòó kojú síra wọn. Ètè ọmọ náà ti ṣú, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

"Mummy," ló wí, ó ń já ọ̀rọ̀ náà ní gígé gígé, "Daddy ò gbà kí n lo pump mi. Ó ní kí n look for ẹni tó ń scared."

"Níbo ni pọ́ǹpù yẹn wà?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín músẹ́. "Fara balẹ̀. Mò ń kọ́ ọmọ náà ni."

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, kódà nígbà tí a bá ń jà. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́ "ìwọ" lẹ́nu ara mi.

"Níbo lo gbé e sí? Ìwọ! Mo ní níbo lo gbé e sí?"

Ẹ̀rín yẹn mì lójú rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ọmọ, ó wá ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú un jáde. Mo fín in sí ọmọ mi lẹ́nu, mo tún fín in, mo gbé e mọ́ra títí súfèé náà fi rọlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, màá kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Abbey Wood, sọ́dọ̀ Mummy tó ríran ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá fi ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀. Mi ò tún fi òun àti bàbá rẹ̀ nìkan sílẹ̀ mọ́.

Nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé mi lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Mò ń ti kẹ̀kẹ́ tíì lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dé ìdí bẹ́ẹ̀dì tó wà létí fèrèsé. Orúkọ òyìnbó lásán ló wà lókè orí bẹ́ẹ̀dì náà, orúkọ tí mi ò gbọ́ rí. Ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ń gba omi sára, ọ̀pá atẹ́gùn wà ní imú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń gbé oògùn bọ̀ fún un, ó sì la ẹnu sílẹ̀ dè é kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó gbé e mì tán ló yíjú. Ojú tí kì í ṣẹ́ yẹn ni.

Gẹ̀ẹ́sì la sọ. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ", kò ní "o", mi ò ní ohun tí mo lè fi bọlá fún un, mi ò sì ní ohun tí mo lè fi tàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń rántí rẹ̀ lédè tiwa, "o" ni mo máa ń gbọ́.

"O ń gba oògùn," mo wí.

Ó mọ̀ mí. "Ìyàwó ọ̀gbẹ́ni tí kì í sọ̀rọ̀."

"Ó ń sọ̀rọ̀ kó tó mọ̀ ọ́. Kí ló gbé ọ dé ibí?"

"Ọkàn mi. Mo ṣubú nílé. Mo wọ́ ara mi dé ìdí fóònù. Mo ń pariwo sí wọn pé kí wọ́n tètè wá."

"Kí ló dé?"

Ó yíjú sí fèrèsé. Lẹ́yìn gíláàsì fèrèsé, òjò ń rọ̀ sórí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. "Ẹ̀rù ń bà mí," ló wí.

Mo gbé kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀ kalẹ̀. Mo fẹ́ kọjá lọ sí bẹ́ẹ̀dì kejì, ló bá di etí aṣọ iṣẹ́ mi mú.

"Kò rẹ́rìn-ín," ló wí.

"Ta ni?"

"Bàbá arúgbó létí odò. Ó ń ké ni. Ó ń bẹ̀ mí kí n gbé òun lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mo rò pé ó ń dán mi wò ni, pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára. Mo jókòó tì í, mo dákẹ́. Ó ké títí ó fi kú. Nígbà tí mo délé, mo sọ ọ́ bí mo ṣe fẹ́ kó rí. Mo sọ ọ́ títí èmi náà fi gbà á gbọ́."

"Auntie gbà á gbọ́," mo wí.

Ó di ojú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí i tó ṣẹ́jú, omijé sì jáde lójú rẹ̀.

Òfin iṣẹ́ wa ni pé ohun tí a bá rí nídìí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, a ò gbọ́dọ̀ gbé e jáde. Mo sọ ìyẹn fún un. Mo ní, "Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ mi. Ìwọ ni o máa sọ ọ́. Jókòó síwájú wọn, kí o sọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí."

"Màá sọ ọ́," ló wí.

Ó sì sọ ọ́. N kò lè fi ìyẹn dù ú. Kò pẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọsibítù, ọkọ mi ti Plumstead dé lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, ojú rẹ̀ ń dán. Ọ̀rọ̀ wá ń jáde lẹ́nu ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Ó ní Bàbá sọ gbogbo rẹ̀ lónìí, ọsibítù, oògùn, ìbẹ̀rù, igbe arúgbó. Ó ní Bàbá sunkún. Ó ní Bàbá sọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Woolwich fún wọn, ó ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé, pé òun kò mọ nǹkan kan tí òun lè kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọkàn mi fúyẹ́. "Ẹ̀yin wá ńkọ́? Kí lẹ ṣe?"

"A jókòó."

"Ẹ jókòó?"

"Kò yé ọ ni, Mummy. Ó bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí dórí orúkọ. Kò sí ẹ̀kọ́ tó ju ìyẹn lọ. Ó ń bẹ̀ wá kí á dìde, a sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹnì kankan kò dìde."

Mo wọ yàrá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ ọmọ sínú àpò. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí, kò béèrè ibi tí mò ń lọ. Nígbà tí a dé orí afárá, mo bojú wẹ̀yìn. Ó wà lójú fèrèsé. Mi ò mọ̀ bóyá àwa ló ń wò tàbí omi.

Mummy gbà wá sílé ní Abbey Wood. Yàrá kan ló fún wa, kò sì rán mi létí ohun tó rí lọ́jọ́sí. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àkókò iṣẹ́ wa kí ẹnì kan lè wà pẹ̀lú ọmọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń dáná. Láti ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni mo ti ń gbọ́ pé bàbá náà ti kó kúrò ní Plumstead láì sọ fún ẹnikẹ́ni, pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń jókòó nínú ilé náà, wọ́n kọjú sí àpótí kúkúrú tí kò sí ẹni tó jókòó lé e. Ọkọ mi wà lára wọn. Wọ́n ní ó ti rù.

Ìgbà tí ewé ń bọ́ sílẹ̀ ni ó wá kan ilẹ̀kùn. Mo rí i láti ojú gíláàsì, mi ò tètè ṣí i. Kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó jẹ́ kí n ṣí i nìyẹn.

"Mò ń fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì láàárọ̀ yìí," ló wí níbi tó dúró sí, kò tiẹ̀ kí mi. "Mo kàn gbọ́ igbe arúgbó yẹn. Mo ju mọ́ọ̀pù sílẹ̀, mo ń wá ẹni tó ń ké. Kò sí ẹnikẹ́ni. Mo wá rántí Auntie." Ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n. "Auntie kò ké. Mummy, kò ké rárá. Àwa la jókòó tì í tí kò fi lè ké."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, ó sunkún, ẹkún tó ń mi gbogbo ara rẹ̀. Àwọn tó ń ti ibùdókọ̀ ojú irin bọ̀ ń wò ó, wọ́n ń kọjá. Ọmọ wa sá jáde, ó dúró lẹ́yìn mi, ó di ìró mi mú.

"Ẹ wọlé," mo wí fún un.

Kò rọrùn. Oorun tún lọ, ó ń wo ilẹ̀kùn, ọwọ́ ń gbọ̀n. Ní àkókò yìí, dókítà ló lọ bá, ó sì gba ohun tí wọ́n fún un. Ó padà sí pólì, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Káńsù fún wa nílé ní Abbey Wood, ilé orí ilẹ̀, tí kò sí afárá kankan níbẹ̀.

Mo rí bàbá náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ní nǹkan bí ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ní iwájú ibùdókọ̀ ojú irin Woolwich Arsenal. Ó wọ kóòtù, ó gbé àpò kékeré lọ́wọ́, ó ń rìn kíákíá fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò dá ṣáṣá. Nígbà tó rí mi, ó dúró.

"Mo ti kó kúrò ní Plumstead, mo ti kó kúrò ní Erith," ló wí. "Síbẹ̀ wọ́n ń wá mi kàn. Mo pariwo lé wọn, wọ́n ní ẹ̀kọ́ ni. Mo dákẹ́, wọ́n ní ẹ̀kọ́ ni." Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó sì tún fi sílẹ̀. "Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà nílé."

"Ó ṣeun," ló wí. Mi ò mọ ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré wọnú èrò. Mo yíjú wo ọ̀nà tó gbà wá. Obìnrin nọ́ọ̀sì yẹn ń bọ̀ láàárín èrò, pẹ̀lú ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀, wọn kò kánjú, wọn kò sì mú ojú kúrò lẹ́yìn orí rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mi ò sọ ìyẹn fún ọkọ mi. Ó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nígbà yẹn, ó ti ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì, ó ń bá wa rẹ́rìn-ín, ó ń bá wa jà. Ṣùgbọ́n nígbà míràn, màá bá a nínú kíṣìnnì níwájú kọ́ọ̀pù tíì tó ti tutù, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán, ojú rẹ̀ sí ògiri. Mi ò kì í dúró wò ó. Láti ẹnu ọ̀nà ni màá ti pè é, màá tún pè é. Ó máa ń dáhùn.